Iye Lẹ́tà Kan

Èmi Dífílò, akápò ẹgbẹ́ aláró elésè àlùkò
ní ẹnubodè ìlà-oòrùn, Tẹsalóníkà,
mo ń ka owó yìí lẹ́ẹ̀kẹta lálẹ́ òní.
Kíkà kì í sọ owó di púpọ̀.

Tẹlẹsífórò kú lánàá, lẹ́bàá ìkòkò aró.
Ó ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀.
A rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.
Yumákò tilẹ̀ ju ìkarahun ìgbín òkun lù ú
kó lè dìde.
Kò dìde.

A wẹ̀ ẹ́. A lo omi gbígbóná, a lo eérú, a lo ọtí kíkan,
ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.
Láti ọrùn ọwọ́ dé èékánná, ó dà bí ojú ọ̀run
nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tán.
Àwọ̀ tí àwọn ọlọ́lá ń fi wúrà rà,
ọ̀fẹ́ ló fi wọ̀ ọ́ sára fún ogójì ọdún,
kò sì ní aṣọ kan ṣoṣo tó rí bẹ́ẹ̀.
Ní ti òórùn, ẹ jẹ́ n má sọ.
Ẹni tó ń fọ́ ìgbín òkun jẹun,
ọ̀nà jíjìn ni ará ìlú ti ń kí i.
Àwa nìkan la lè jókòó tira wa láìdi imú.
Bóyá ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gan-an nìyẹn.

Òfin wà lára ògiri:
ẹni tó bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta,
kò sí òdòdó, kò sí pósí, a ò ní tẹ̀ lé e dé ibojì.
Oṣù mẹ́rin ni Tẹlẹsífórò jẹ.
Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnu mi ló kà á síta.
Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Ìgbà tó yá ni Yumákò dìde,
Yumákò tí òun àti olóògbé ò kí ara wọn
láti ìgbà ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ọjọ́sí,
ó da owó oṣù mẹ́rin sórí tábìlì.
"Mo jẹ ẹ́ lówó," ló wí. Kò ṣàlàyé.
Irọ́ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí òtítọ́.

Àwa mẹ́tàdínlógún la gbé e.
A pa iná abẹ́ ìkòkò, aró ọjọ́ mẹ́sàn-án bàjẹ́,
oníṣòwò ará Éfésù ń pariwo títí a fi kọjá odi ìlú.
Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ólífì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà,
ó ń sunkún. A ò mọ̀ ọ́n.
Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ó ku òkúta.
Owó bàbà méjì ni Gíláúkò agbẹ́kùúta ń gbà lórí lẹ́tà kan,
kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Ẹnìkan ní ká kọ orúkọ bàbá rẹ̀.
A wo ara wa lójú. Ta ló mọ̀ ọ́n?
Ẹlòmíì ní ká kọ "onísùúrù".
Yumákò ní, "Ẹ má purọ́ sára òkúta, kì í pa rẹ́."
Nítorí náà, orúkọ rẹ̀, àti pé àwa la sin ín,
ìyókù owó wá tó kíkí kan péré,
kíkí tí ó ń kí ẹni tó bá ń lọ sóko tàbí tó ń bọ̀ láti èbúté:

Tẹlẹsífórò kú.
O kú ọ̀nà, ìwọ tó ń kọjá.

Mo lọ wò ó ní àárọ̀ yìí.
Gíláúkò ti fo lẹ́tà kan láàárín orúkọ.
Kò jiyàn. Ó ka owó bàbà méjì sí mi lọ́wọ́.
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, sábẹ́ owó tó wọlé:
láti ọwọ́ Tẹlẹsífórò, àsansílẹ̀,
fún oṣù tó ń bọ̀.